Ínhélà ọmọ mi kò ràn án mọ́: ṣé oògùn ayédèrú ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, ní ikọ́ fée, ìyẹn ásímà. Bó bá ti gbé e dé, a máa ń fọ́n ínhélà búlúù sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ àyà rẹ̀ á ṣì máa dún bíi fèrè. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ó ṣeé ṣe kí oògùn náà dára, kó má kàn dé ibi tó ń lọ ni.

Afẹ́fẹ́ tí a bá fà símú máa ń gba gògóńgò lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ̀ka igi ni ọ̀nà rẹ̀ ṣe ń pín, nǹkan bí ìgbà 23, títí dé àwọn àpò kéékèèké níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣan wà yí àwọn ẹ̀ka náà ká. Bí ikọ́ fée bá gbéra, iṣan yìí á fún wọn pọ̀, inú wọn á wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sì dí èyí tó kù. Bí ihò kan bá sì fún kù sí ìdajì, agbára ìlọ́po 16 ni a ó fi mí kí afẹ́fẹ́ tó tó gba ibẹ̀ kọjá bíi ti tẹ́lẹ̀. Mímí síta ló le jù, torí ìgbà náà ni àwọn ihò yẹn tún ń sún kì. Ohun tó ń dún bíi fèrè nìyẹn.

Salbutamol tó wà nínú ínhélà búlúù ló ń dẹ iṣan náà. Àmọ́ eré ló fi ń jáde. Bí ẹ bá fọ́n ọn sẹ́nu lásán, ẹ̀yìn ọ̀fun ni púpọ̀ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́. Spacer, ìyẹn ike tó máa ń wà láàárín ínhélà àti ẹnu, ló yẹ kí ẹ fi sí i. Bí ẹ kò bá rí i rà, ike omi 500 ml ṣeé lò: ẹ gé ihò sí ìdí rẹ̀, kó ba ẹnu ínhélà mu géẹ́, kí afẹ́fẹ́ má ráyè yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Gúúsù Áfríkà ti dán an wò, ó sì ṣiṣẹ́ bíi ti èyí tí wọ́n ń tà. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ gbẹ. Bí ẹ bá fi aṣọ nù ún, oògùn á máa lẹ̀ mọ́ ara ike.

Ẹ gbọn ínhélà. Kí ọmọ jókòó nàró, kó mí síta, kó fi ètè di ẹnu ike pa. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kó sì máa mí wọlé mí jáde wọ́ọ́rọ́ nínú ike náà nígbà 5. Ẹ dúró fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ẹ gbọn ọ́n, kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa kà á pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ agolo, ìgbà 200 ni oògùn inú rẹ̀ mọ. Ó ṣì lè máa fọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n oògùn ti tán nínú rẹ̀.

Bó bá ń lo búlúù ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, ẹ mú un wá rí dókítà, torí búlúù kì í wo wíwú inú àwọn ẹ̀ka yẹn. Oògùn mìíràn tí yóò máa fà lójoojúmọ́ ló ń wò ó, kó sì máa fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ìgbà 10, lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò dẹ̀, tàbí tí ọmọ kò lè sọ gbólóhùn kan parí, tàbí tí ẹran àárín egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa fọ́n oògùn náà fún un lójú ọ̀nà. Bí fèrè náà bá dákẹ́ nígbà tó ṣì ń jà fún èémí, ẹ má rò pé ara rẹ̀ ti yá. Afẹ́fẹ́ ni kò kọjá mọ́.