Olóògbé Kì í Ṣe Orogún Yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ìyàwó àárọ̀ ọkọ mi ti kú láti ọdún mẹ́rin. Ọdún 17 ni wọ́n fi jọ gbé. Ọkọ mi máa ń jí lóru, á ní òun gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ilé ìdáná, á sì dá a lóhùn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní mò ń jowú òkú. Wòlíì kan ní àkúdàáyà ni, pé kí n mú 150,000 náírà wá, kí n sì sun gbogbo aṣọ olóògbé. Báwo ni mo ṣe lè lé e lọ?

Ìdáhùn: Kò sí ẹni tí ẹ fẹ́ lé. Àkúdàáyà tí àwọn àgbà ń sọ ni ẹni tí ó kú tán tí ó lọ ń gbé ní ìlú mìíràn tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, tí ó ń ṣòwò, tí ó tilẹ̀ lè fẹ́ ọkọ mìíràn níbẹ̀. Kì í padà wá dúró sí ilé ìdáná ọkọ àárọ̀. Wòlíì tí kò mọ ìtàn tí ó fi ń dẹ́rù bà yín kò yẹ ní ẹni tí ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ohun tí ó ń ṣe ọkọ yín wọ́pọ̀. Ní ọdún 1971, Dókítà Dewi Rees, ní ilẹ̀ Wales, gbé ìwádìí jáde lórí 293 ènìyàn tí ọkọ tàbí aya wọn ti kú: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí ó ń mọ̀ ọ́n lára pé olóògbé wà nítòsí, tí ó ń rí i tàbí tí ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ti àwọn mìíràn sì pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orí wọn kò dàrú. Ọpọlọ tí ó ti gbọ́ ohùn kan fún ọdún 17 kì í tètè jáwọ́ nínú ríretí rẹ̀, pàápàá nígbà tí oorun kò tíì dá lójú tán. Èyí tí ó lè dùn yín ni pé ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn tí ìgbéyàwó wọn pẹ́ tí ó sì dùn. Lójú tèmi, ọkùnrin tí ó mọ ìyàwó fẹ́ ni ẹ bá pàdé.

Ẹ má sun aṣọ kankan, nítorí ti àwọn ọmọ olóògbé ni. Bí ọkọ yín bá tún jí, ẹ bi í léèrè ohun tí ó gbọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí Rees bá sọ̀rọ̀ ni kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Kí òun náà yé pe ìbẹ̀rù yín ní owú.

Ṣùgbọ́n ìwé yín nìkan ni mo kà, n kò yẹ ọkọ yín wò. Bí ohùn náà bá ń pàṣẹ pé kí ó tẹ̀ lé òun, tàbí kí ó ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá sì ń mutí kí ó tó lè sùn, tàbí tí ìgbàgbé rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Arò dẹ́rù bà yín, nítorí kì í ṣe aṣínwín nìkan ni àwọn dókítà ibẹ̀ ń tọ́jú.