Ìdí tí Trypanosoma lewisi kò fi pọ̀ sí i mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ èkúté

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní Trypanosoma lewisi, kòkòrò àìfojúrí inú ẹ̀jẹ̀ èkúté, kò pọ̀ sí i mọ́ lẹ́yìn tí ẹ fún èkúté yín lóògùn, ẹ sì rò pé oògùn náà ló ṣiṣẹ́. Ara èkúté tí ẹ fi pàkúté mú yẹn fúnra rẹ̀ ló dá ìbísí kòkòrò náà dúró, kì í ṣe oògùn yín: ó ń pèsè èròjà kan, ablastin, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Taliaferro ṣàpèjúwe ní 1924, èyí tí kì í pa kòkòrò ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí ó pín láti bí sí i.

Ẹ tún ẹ̀jẹ̀ náà wò lábẹ́ maikirosíkóòpù: gígùn àwọn kòkòrò náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ kò sì ní rí èyí tó ń pín. Èròjà mìíràn nínú ara èkúté náà ni yóò pa àwọn kòkòrò tó kù lẹ́yìn náà.

Èkúté tí agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ pé nìkan ni èyí kàn. Kí ẹ tó gbóríyìn fún oògùn kankan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní èkúté mìíràn tó ní kòkòrò náà tí ẹ kò fún lóògùn, kí ẹ lè fi wé èyí tí ẹ fún.