Ní England, ta ni òfin ní kó fi tó káńsù létí pé ẹnì kan kò nílé?

Ọgbà ẹ̀wọ̀n, ilé ìwòsàn, Jobcentre (ọ́fíìsì ìjọba fún àwọn tó ń wá iṣẹ́), ọ́fíìsì probation (tó ń bójú tó àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, tí wọn kò sí lẹ́wọ̀n) àti ẹ̀ka ìtọ́jú ará ìlú wà lára àwọn tí òfin Homelessness Reduction Act 2017 kàn nípá fún. Àṣẹ náà ti wà láti October 2018. Ọlọ́pàá àti dókítà àdúgbò kò sí nínú rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ lè ṣe é tinútinú.

Ẹni náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, òun ló sì máa yan káńsù. Bí kò bá gbé àdúgbò náà fún oṣù 6 nínú 12 tàbí ọdún 3 nínú 5, tí kò ní iṣẹ́ tàbí mọ̀lẹ́bí níbẹ̀, wọ́n lè darí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí káńsù mìíràn.

Ìdádúró ló sábà máa ń ba nǹkan jẹ́. Ọjọ́ 56 kí ilé tó bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn ni iṣẹ́ káńsù ti ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ bí ilé ìwòsàn bá dúró di òwúrọ̀ tí aláìsàn ń lọ, kò sáyè mọ́. Níbi tí káńsù bá pín sí méjì, district (káńsù kékeré) ló ni ọ̀rọ̀ ilé, kì í ṣe county (káńsù ńlá). Fífi orúkọ ránṣẹ́ sí káńsù nìkan kò sì tíì di ìbéèrè fún ìrànwọ́: bí káńsù kò bá rí ẹni náà bá sọ̀rọ̀ torí nọ́ńbà fóònù tí kò lọ, gbogbo rẹ̀ lè parí síbẹ̀.

Ẹni tí fíísà rẹ̀ kò fàyè gba owó ìrànwọ́ ìjọba kì í sábà rí ilé gbà lọ́nà yìí. Bí ó bá ní ọmọ lọ́wọ́, ẹ̀ka tó ń bójú tó ọmọdé ni kó lọ bá.