"Hitherto" lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ ará Ṣáínà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mò ń kọ́ àwọn àgbàlagbà kan ní Gẹ̀ẹ́sì ní Guangzhou. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé "I live in Guangzhou hitherto". Mo ní kò dáa, ló bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè hàn mí, ẹnu mi sì wọhò. Báwo ni kí n ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún un?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ìyá olùkọ́. Ìwé atúmọ̀ èdè yẹn gan-an ló ṣì í lọ́nà. "Qìjīn" tàbí "zhìjīn" ni wọ́n sábà fi ń túmọ̀ "hitherto", ìyẹn "títí di àkókò yìí", sí èdè Ṣáínà, "jīn" inú méjèèjì sì ni "ìsinsìnyí". Ẹni tó bá ní "wǒ zhìjīn hái zhù zài Guǎngzhōu" ń sọ pé títí dòní olónìí, ibẹ̀ lòun ṣì wà. Ṣùgbọ́n tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti gbọ́ "hitherto", ó sábà máa ń gbà pé nǹkan ti yí padà, tàbí pé ó fẹ́ yí. Ẹni tó bá ka lẹ́tà yẹn á máa rò ó pé ibo lọkùnrin yìí ń kó lọ. "I still live in Guangzhou" ló fẹ́ sọ.

Ẹ kọ èyí sójú pátákó fún wọn: "In 1953 Hillary and Tenzing climbed the hitherto unclimbed Everest." Kí 1953 tó dé, ẹnikẹ́ni ò tíì gun òkè náà dé ṣóńṣó, láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ wá ní kí wọ́n fi "qìjīn" sí i. Á di pé títí dòní, ẹnì kankan ò tíì gùn ún! Èwo wá làwọn ará Ṣáínà gùn ní 1960? Ẹ̀rín á pa wọ́n, wọn ò sì ní gbàgbé mọ́. "Cǐqián", ìyẹn "ṣáájú èyí", ni kí wọ́n mú dípò rẹ̀.

Ibi tí "hitherto" ń jókòó sí nínú gbólóhùn ò ní yọ wọ́n lẹ́nu, torí èdè tiwọn náà máa ń kó àpèjúwe ṣáájú ohun tó ń ṣàpèjúwe. Àwa tá à ń sọ pé "òkè tẹ́nikẹ́ni ò tíì gùn" ló ń dà láàmú.

Ẹ kìlọ̀ fún wọn pé "hitherto" kì í ṣe ọ̀rọ̀ lẹ́tà ọ̀rẹ́. Bí wọn kì í ti í sọ "qìjīn" lọ́jà, tó jẹ́ "dào xiànzài" (títí di ìsinsìnyí) ni, bẹ́ẹ̀ náà ni "so far" ṣe wà fún ojoojúmọ́.

Tí wọ́n bá ń pè é, "to" tó gbẹ̀yìn ni kí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, kó dún bíi "two". Ti "th" àárín, "z" ni wọ́n máa ń pè é, àwa náà ń pè é ní "d". Ẹ jọ fi ahọ́n sáàárín eyín.