Pẹ́rọ́sáídì tí kò jáde

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi fẹ́ fi iná mànàmáná ṣe háídrójìn pẹ́rọ́sáídì, èyí tí wọ́n fi ń fọ egbò. A po iyọ̀ mọ́ omi, a yọ ọ̀pá dúdú méjì nínú bátìrì tọ́ọ̀ṣì, a so wọ́n mọ́ bátìrì ọkọ̀. Ó ń hó bí ọṣẹ, òórùn bílíìsì sì gba gbogbo yàrá. Níbo la ti ṣì í? — Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, Òkè-Ẹlẹ́rìn, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá o, Tíṣà. Iyọ̀ lẹ kọ́kọ́ ṣì lò. Kilorín inú rẹ̀ ló jáde lápá pọ́sítíìfù tó di bílíìsì, bílíìsì àti pẹ́rọ́sáídì kò sì lè jọ gbé inú ike kan: wọ́n á pa ara wọn, ọ́síjìn ni yóò ṣẹ́kù. Béékìn sódà ni kí ẹ lò, gírámù 8.4 nínú mílílítà 200 omi bátìrì (kì í ṣe ásíìdì o). Ẹ má fi omi kànga ṣe é, irin inú rẹ̀ ń tú pẹ́rọ́sáídì ká.

Ọ̀pá yẹn ló burú jù. Ìyẹ̀fun dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọn, manganese dioxide ni, òun náà lẹ máa ń dà sínú pẹ́rọ́sáídì ní láàbù kí ọ́síjìn lè jáde! Ìwọ̀nba tó kù lára ọ̀pá ti tó láti jẹ èrè yín tán.

Pẹ́rọ́sáídì lè ti ara omi jáde lápá pọ́sítíìfù, ṣùgbọ́n fóòtì 1.76 ni ìyẹn ń béèrè, bẹ́ẹ̀ 1.23 ti tó kí omi di ọ́síjìn, nítorí náà ọ́síjìn ló máa ń rọrùn láti jáde níbẹ̀. Apá nẹ́gẹ́tíìfù ló rọrùn, níbi tí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ti ń gba ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tó sì ń di pẹ́rọ́sáídì. Lítà omi kan kì í gba ju nǹkan bíi mílígírámù 8 ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ẹ fi póńpù kékeré tí wọ́n ń lò fún ẹja fẹ́ atẹ́gùn sára carbon felt (aṣọ dúdú tí wọ́n fi okùn kábọ́ọ̀nù ṣe) ní apá nẹ́gẹ́tíìfù, kí ó fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 5 lọ́nà méjèèjì. Bí atẹ́gùn bá dáwọ́ dúró, háídrójìn lásán ni yóò máa jáde. Fóòtì 12 pọ̀ jù. Ẹ dín in kù títí iná fi di ámípíà 0.1. Kí mẹ́ńbíránì (awọ tín-ín-rín tí iná lè gbà kọjá) pín apá méjèèjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ́sítíìfù á máa jẹ ohun tí ẹ ń ṣe.

Ní wákàtí kan, kò lè ju mílígírámù 63 lọ, ìyẹn bíi 0.03%. Ti kẹ́mísì jẹ́ 3%, nítorí náà ẹ má fi tiyín fọ egbò ẹnikẹ́ni.

Ẹ bu díẹ̀, ẹ kán fínígà sí i títí kò fi hó mọ́, ẹ fi potassium iodide àti omi sítáàṣì sí i. Bí pẹ́rọ́sáídì bá wà, ó di búlúù láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Omi oníyọ̀ yín àkọ́kọ́ náà ì bá di búlúù, nítorí bílíìsì ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.