Ẹ Bi Wá: Ringneck Tí Mo Rà Ò Ní Nǹkan Kan Lọ́rùn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màlámù kan tó ń ta ẹyẹ nítòsí wa ní Kubwa níbí ni mo ti ra ẹyẹ aláwọ̀ ewé méjì fún àwọn ọmọ mi. Aku ló ń pè é ní Haúsá, ó ní orúkọ òyìnbó ẹ̀ ni ringneck, torí òrùka tó máa ń wà lọ́rùn ẹ̀. Mo wo ọrùn wọn títí, mi ò rí òrùka kankan. Bàbá tó ń gbé lókè wa ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì nìyẹn, pé àdàbà ni wọ́n ń pè ní ringneck. Ni ọmọ mi àgbà bá tún lọ wò ó lórí fóònù, ejò ló gbé jáde! Èwo ni ká gbà báyìí?
Ìyá Ìbejì, Kubwa, Abuja

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Kò sí ẹni tó purọ́ fún yín nínú wọn, àti màlámù, àti bàbá òkè, àti fóònù. Àmì ara ni àwọn òyìnbó wò tí wọ́n fi sọ orúkọ yẹn, ẹranko yòówù tí nǹkan bá ti yí lọ́rùn ká bí ẹ̀gbà, wọ́n á ní ringneck ni. Tí wọ́n bá ń pe èèyàn mẹ́ta ní Dúdú ládùúgbò kan náà, ìyẹn ò ní kí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá.

Ká mú tiyín ná. Orúkọ ẹyẹ yẹn lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ ni rose-ringed parakeet, nínú ìwé àwọn onímọ̀ Psittacula krameri ni, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Scopoli ló fún un ní krameri yẹn lọ́dún 1769. Mọ̀lẹ́bí odídẹrẹ́ ni, ọmọ ilẹ̀ wa sì ni pẹ̀lú, torí láti Senegal títí dé Sudan ni wọ́n ti ń fò kiri nínú ilẹ̀ ọ̀dàn, wọ́n tún wà ní Íńdíà, àwọn tó sì ń dáko jéró tàbí ẹ̀pà lókè ọ̀hún mọ̀ wọ́n dáadáa torí tí wọ́n bá ya wọ oko, ẹ ò ní béèrè pé ta ló dé, ariwo wọn ti sọ ọ́.

Òrùka tẹ́ ẹ ń wá, akọ tó ti dàgbà ló ni ín. Á dúdú lábẹ́ àgbọ̀n, á gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn lọ sẹ́yìn, ibẹ̀ ni àwọ̀ pínkì tẹ́ẹ́rẹ́ kan á ti tẹ̀ lé e, ó máa ń wù mí wò gan-an. Abo kì í ní in bí ẹ bá tọ́ ọ dọjọ́ alẹ́. Akọ tó ṣì kéré náà ò ní ní, ó lè tó ọdún kan ààbọ̀ sí ọdún mẹ́ta kó tó yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá màlámù jà. Ẹ wo àgógó ẹnu wọn bóyá ó pupa, kí ìrù sì gùn kó rí tẹ́ẹ́rẹ́, torí tó bá dàgbà tán, látorí dé ìdí ìrù ẹ̀ á tó sẹ̀ǹtímítà 40, ìrù yẹn ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Àmọ́ tórí ẹ̀ bá jẹ́ àwọ̀ eérú, tíkùn ẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, tírù ẹ̀ sì kúrú, ẹyẹ míì nìyẹn, Senegal parrot ni wọ́n ń pè é, ẹ lè padà lọ bá a nígbà yẹn. Tó bá sì wá jẹ́ odídẹrẹ́ wa gan-an, oní-ìkóóde, ni wọ́n fi lọ̀ yín, ẹ má rà á. Wọ́n ti kó o nínú igbó débi pé lọ́dún 2016, níbi ìpàdé CITES, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé kẹ́nikẹ́ni má fi èyí tí wọ́n mú nínú igbó ṣòwò kọjá ẹnubodè mọ́, ó sì dùn mí pé a ṣì ń rí wọn nínú kéèjì lójú títì.

Ọ̀rọ̀ bàbá òkè náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn àdàbà kan wà tó ní ìlà dúdú lẹ́yìn ọrùn, kì í yí ọrùn wọn po tán. Èyí tórúkọ ẹ̀ ń jẹ́ ring-necked dove gan-an, ìlà oòrùn àti gúúsù Áfíríkà ló wà. Èyí tẹ́ ẹ máa rí lọ́dọ̀ wa níbí tó ní irú ìlà yẹn ni vinaceous dove, kurciya làwọn Haúsá ń pe àdàbà ní tiwọn.

Ẹnì kan tún lè sọ fún yín pé òrùka irin tó wà lẹ́sẹ̀ ẹyẹ ni wọ́n ń sọ. Rárá o. Ìyẹn, èèyàn ló fi í sí i, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní APLORI, ilé ìwádìí nípa ẹyẹ tó wà ní Jos, wọ́n á mú ẹyẹ, wọ́n á fi òrùka tó ní nọ́ńbà sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n á tú u sílẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n tí wọ́n bá tún rí i.

Ti ejò yẹn ló ká mi lára jù torí àwọn ọmọ. Ringneck tí wọ́n ń rí lórí fóònù, ti Amẹ́ríkà ni, ejò kékeré tí kì í pa èèyàn lára. Ṣùgbọ́n òmíì wà ní South Africa tí wọ́n ń pè ní rinkhals, orúkọ kan náà ni lédè tiwọn, oró tìyẹn ń tú síni lójú ni! Lọ́dọ̀ wa níbí, èyí tó bá gbórí sókè tẹ́ ẹ rí ìlà pupa tó dábùú lábẹ́ ọrùn ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣèbé tó ń tutọ́, kí wọ́n má sún mọ́ ọn láti ya fọ́tò. Tó bá tu ú sójú ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má fọwọ́ ra á, kí wọ́n máa da omi tó mọ́ sí i, omi púpọ̀, lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sọ́sípítù.