Ọmọ mi mọ róbọ́ọ̀tì, àmọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń fìdí rẹmi

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ọmọ Ṣàgámù ni mí, Texas la ń gbé. Ọmọkùnrin mi, ọdún 15, wà nínú tíímù FRC, ìdíje róbọ́ọ̀tì àwọn ọmọ girama, níléèwé ẹ̀, òun ló ń kọ kóòdù, òun náà ló ń wa róbọ́ọ̀tì. Ó mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti lù wọ́n báyìí, ojú á le koko, á máa sọ fáwọn yòókù pé wọn ò mọ nǹkan kan, lọ́jọ́ kan ó ju kọntiróólà sílẹ̀ ó bá tiẹ̀ lọ. Kóòṣì ti ní kó má wà á nínú ìdíje tó ń bọ̀. Inú ń bí mi, mo fẹ́ lọ sọ tẹnu mi fún un, torí ó jọ pé nítorí àwọ̀ ọmọ mi ni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọmọ Ìjẹ̀bú Òde lèmi, Michigan la wà, ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń jókòó sórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀ dalẹ́ nítorí róbọ́ọ̀tì (ẹ mú tìmùtìmù lọ o, ìdí á ro yín). Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yẹn, mi ò ní purọ́ pé kì í ṣẹlẹ̀, ojú tiwa náà ti rí i. Àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ pé ó ju kọntiróólà sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìyẹn.

Ṣé ẹ rí i, FRC yìí, tíímù 3 ló ń kojú tíímù 3, wọ́n á sì tún un pín ní ìdíje kọ̀ọ̀kan, ẹni tẹ́ ẹ yọ ṣùtì sí láàárọ̀ lè di ẹni tẹ́ ẹ jọ máa ṣe lọ́sàn-án. Tó bá wá ku díẹ̀ kó parí, àwọn 8 tó ṣáájú á máa ṣa ẹni tí wọ́n fẹ́ bá ṣe. Lọ́dún tó kọjá róbọ́ọ̀tì ọmọbìnrin mi ò burú rárá, ẹnikẹ́ni ò mú wọn. Ìgbà tó yá lọ̀rẹ́ ẹ̀ kan nínú tíímù mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé, ẹ̀yin, ẹ máa ń jágbe mọ́ra yín jù. Ó sunkún dé ilé.

Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí náà nìyẹn. Dean Kamen ló dá FIRST, àjọ tó ń ṣètò FRC, sílẹ̀ lọ́dún 1989, Woodie Flowers, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì MIT, ló sì mú ọ̀rọ̀ Gracious Professionalism wọ̀ ọ́, èmi ò rí ìtumọ̀ míì fún un ju ìwà ọmọlúàbí nídìí iṣẹ́ lọ.

Ohun tó yí ọmọ tèmi padà, Ojúde Ọba ni. A wálé fún Iléyá, ó bá ìyá mi lọ lọ́jọ́ kẹta. Régbérégbé màmá, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà ẹ̀, ti ń dáwó aṣọ láti oṣù mélòó kan, gèlè ti dúró, ilẹ̀kẹ̀ ti wà lọ́rùn, ni ẹgbẹ́ tó ṣáájú wọn bá jó wọlé, ariwo ta, gbogbo fọ́tò di tiwọn. Ọmọ mi rò pé màmá á bínú. Màmá ń pàtẹ́wọ́! Kí wọ́n tó wọlé gan-an, òun ló bá ọ̀kan nínú wọn tún gèlè wé. Ó ní, “Ṣebí ọba kan náà la wá kí, tí gèlè tiẹ̀ bá jábọ́, Ìjẹ̀bú kọ́ ni wọ́n máa fi ṣẹ̀sín?” Èmi tí mo ti ń wàásù láti ọdún méjì, kò gbọ́ tèmi.

Ẹ má bínú, ó kan àwa òbí náà. “Ẹni tó gba ipò kìíní, ṣé orí méjì ló ní?” Gbogbo wa la gbọ́ ọ dàgbà, a sì gbé e wọ bàálù wá síbí. Nínú mọ́tò tèmi tẹ́lẹ̀, “ẹ wọlé àbí ẹ ò wọlé” ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í. Ní báyìí, mo máa ń bi í pé kí lẹ tún ṣe lónìí, ta lẹ bá tún tiẹ̀ ṣe. Bátìrì tí wáyà ẹ̀ tú lè dá iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ dúró sójú kan, kí wọ́n wá ibi tó ti tú, kí wọ́n yéé wá ẹni tó dè é.

Ní ti kóòṣì, ẹ má tíì lọ jàre. Ọmọ ni kó lọ, kó kọ́kọ́ bẹ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, kó ní òun á máa bá wọn gbé bátìrì títí wọ́n á fi ní kó wà á. Tó bá ṣe gbogbo ẹ̀ tí wọn ò sì dá a lóhùn, ẹ pè mí, a jọ máa kọ lẹ́tà náà ni. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lọ bẹ̀ wọ́n, ẹ jókòó sínú mọ́tò, kẹ́ ẹ sì ti fèrèsé.